Iná Jó Oko Wa: Kí Ni Káńsù Máa Kọ Bí A Kò Bá Sọ Fún Wọn?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá yín sọ ní ìpàdé ni wọ́n ní kí n kọ síbí, kí àwọn tí kò lè wá náà lè rí i kà. Ọ̀rọ̀ iná tí ń jó oko ni, àti ti owó ìrànwọ́ tí káńsù lè bá wa béèrè nítorí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó dùn mí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé àgbègbè yìí, iná wọ oko àwọn àgbẹ̀ mélòó kan nínú oṣù Èrèlé. Ẹ̀gẹ́ tó ku oṣù méjì kí wọ́n wú u jó. Ọ̀pẹ kéékèèké jó. Abà pàápàá jó. A kọ̀wé pé kí ìjọba ràn wá lọ́wọ́. Ìwé náà dé ọ́fíìsì kan, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní, éékà mélòó ló jó? A wo ara wa lójú. Bàbá kan ní ó ṣáà pọ̀ gan-an. Ẹlòmíràn tí oko rẹ̀ kò ju éékà méjì lọ ní mẹ́wàá ni. Kí a tó to ọ̀rọ̀ náà, òjò ti rọ̀, koríko ti bo gbogbo ibẹ̀, kò sí ohun tí a lè fi han ẹnikẹ́ni mọ́. Ibẹ̀ ló parí sí. Èmi tí wọ́n kọ́ ní wíwọn ilẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, n kò mú téèpù dání lọ́jọ́ kejì iná. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀.

Owó wo ni à ń sọ? Ní 1981, ìjọba àpapọ̀ dá àpò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ecological Fund, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Okigbo dá àbá rẹ̀. Wọ́n ń yọ díẹ̀ sínú rẹ̀ lára owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè, nítorí ọ̀gbàrá, omíyalé, ọ̀dá, epo tó dà sílẹ̀, àti iná ìgbẹ́ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ti ọ̀gbàrá nìkan ni. Rárá o. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: kì í ṣe owó tí wọ́n máa kà sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Iṣẹ́ ni wọ́n ń fi í ṣe. Káńsù ni kó gbé ìwé rẹ̀ dìde, kí ìjọba ìpínlẹ̀ sì tì í lẹ́yìn.

Ti àdánù ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ní ọ̀nà tirẹ̀. Ètò adójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ọ̀pẹ́ 1987, ilé iṣẹ́ NAIC ló ń bójú tó o. Iná wà lára ohun tí wọ́n ń san owó lé lórí, ìjọba sì máa ń bá àgbẹ̀ san ìdajì owó rẹ̀ lórí àwọn irúgbìn kan. Àmọ́ kí iná tó jó ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ o. Ẹ má dúró di ìgbà tí èéfín bá yọ.

Ẹni tó fẹ́ fún yín lówó yóò bi yín pé, kí lẹ̀yin fúnra yín ń ṣe kí iná má tún jó? Ní 1983, ọ̀dá mú gbogbo apá ibí, iná sì jó oko kòkó lọ bẹẹrẹ ní Gánà, ó jó nílẹ̀ Yorùbá náà. Gánà ṣe òfin iná ìgbẹ́ lọ́dún náà, wọ́n tún un ṣe ní 1990, òfin náà sì fi ẹgbẹ́ apaná sí ìlú àti abúlé. Àwa náà lè ní tiwa láìdúró de òfin. Panápaná wà ní Ìkòròdú, wọ́n wà ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ lè pe 767 tàbí 112. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wọn kò lè gba ọ̀nà oko tí alùpùpù ń gbà tipátipá.

Ẹ má bínú, ẹnu wa la fi ń sọ pé a kò mọ ẹni tó dáná. A mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó ń lé ọ̀yà ni, adẹ́mu tó ju sìgá ni, tàbí èmi àti ìwọ tí a sun pápá lọ́sàn-án gangan. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà tiwa yìí, nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ àárọ̀ a máa wá láti òkè, tó bá di ọ̀sán, ti òkun á dé láti ìsàlẹ̀. Iná tí ẹ rò pé ẹ ti darí rẹ̀ láàárọ̀ yóò wá yíjú sí oko ẹnìkejì yín. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ sun ún, ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó bá yín pààlà, ẹ ro etí oko títí yóò fi mọ́ ní mítà 3 ó kéré tán, kí ewé gbígbẹ kankan má kù níbẹ̀, ẹ bu omi sínú ẹ̀rọ tí a fi ń fín oògùn, kí ẹ má sì lọ sílé títí iná yóò fi kú tán. Kùkùté a máa jó lábẹ́ eérú títí di ọjọ́ kejì.

Bí iná bá ti wọlé ńkọ́? Ẹ̀gẹ́ tó gbó, ẹ tètè wú u fún gàrí, torí bó bá tún rú ewé, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ yóò dín. Ọ̀pẹ tó jó, ẹ má tíì gé e. Bí màrìwò rẹ̀ bá ṣì tutù, ó lè yè.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ wọn ilẹ̀. Ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 64 lóròó àti mítà 64 níbùú, éékà kan ni. Ẹ̀gẹ́ tí a gbìn ní mítà kan sí mítà kan, nǹkan bí ẹgbàajì ló wà nínú éékà kan, ẹ lè fi kíkà mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ ọjọ́ tí iná jó sílẹ̀, ibi tó ti wá, irúgbìn tó jẹ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi fóònù ya fọ́tò. Ẹ pe báálẹ̀ kó rí i. Kí ẹnikẹ́ni má sọ méjì di mẹ́wàá, torí ọ̀kan tí wọ́n bá rí pé irọ́ ni yóò ba ti gbogbo wa jẹ́.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì tó mọ̀wé kọ, kí wọ́n mú ìwé kíkọ àti okùn gígùn wá. Èmi yóò mú téèpù, oko tó wà nítòsí la ó kọ́kọ́ fi dánra wò.