Wọ́n Ní Ọkọ̀ Náà Ń Mu Omi

Gbólóhùn kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì bí ẹnìkan bá gbé ọkọ̀ tí ó ń gbóná wá sọ́dọ̀ wọn. Wọn yóò ṣí bóńẹ́ẹ̀tì, wọn yóò wo inú táǹkì ike tí kúláǹtì ń gbé, wọn yóò sì ní, "Ọkọ̀ yìí ń mu omi." Gbólóhùn náà dùn létí, ṣùgbọ́n ewu ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kò ní ọ̀fun. Omi tí kò sí níbi tí a bù ú sí mọ́ ti gba ibì kan jáde, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà. Ẹni tí ó bá ti gbà pé ọkọ̀ ń mu omi, kí ni yóò tún máa wá kiri? Yóò kàn máa bu omi fún un bí ẹni ń bu omi fún ẹṣin ni, títí di ọjọ́ tí ooru yóò fi tẹ orí ẹ́ńjìnnì.

Kí ọ̀rọ̀ lè rí ẹsẹ̀ dúró, ọkọ̀ kan pàtó ni ó yẹ kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Èyí ni Volkswagen Passat tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Jámánì ní 1996 tí wọ́n sì ṣe é títí di 2005, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.8, tí ó ní fáàfù 20 àti tọ́bò. Irú rẹ̀ wọ Nàìjíríà ní tòkúnbọ̀, ó sì ti dàgbà báyìí. Olùkọ́ tí ó fi owó ìfẹ̀yìntì ra ọ̀kan, tí ó fi ń gbé ọmọ-ọmọ lọ sí iléèwé láàárọ̀, kò ní owó ẹ́ńjìnnì mìíràn nílẹ̀.

Tọ́bò ni ó sọ ọ̀rọ̀ omi di ọ̀ràn ńlá nínú irú ọkọ̀ yìí. Èéfín gbígbóná tí ó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí i, ó sì lè yí ju 100,000 ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, kí ó lè ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì ni kì í jẹ́ kí ọ̀pá àárín rẹ̀ họ. Kúláǹtì ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà kọjá kí ọ́ìlì má baà jóná di èédú, pàápàá lẹ́yìn tí a bá ti pa ọkọ̀ tán tí ooru ṣì kún inú irin. Bí omi bá dín, tọ́bò wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ jìyà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni omi inú ọkọ̀ kò rí bí omi inú ìkòkò. Ìdérí táǹkì há a mọ́, ooru sì ń mú kí ó máa ti ibi gbogbo tí ó wà. Nítorí ìhámọ́ yìí, àti nítorí èròjà tí ó wà nínú kúláǹtì, ó lè gbóná kọjá 120 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì kí ó tó hó, nígbà tí omi lásán nínú ìkòkò ń hó ní 100. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá ṣí ìdérí nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná fi ń gba omi híhó sójú. Ìdí náà nìyí tí ihò tí kò ju ti abẹ́rẹ́ lọ fi lè fara pamọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá tutù: kò sí ohun tí ń ti omi jáde.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wádìí. Omi a máa tú, a máa kán, a sì máa sun. Èyí tí ó ń tú kò ní àṣírí. Hóòsì ti bẹ́ nìyẹn. Èyí tí ó ń kán máa ń fi àmì sílẹ̀ nílẹ̀ ní òwúrọ̀, nígbà mìíràn kì í sì í kán rárá bí ọkọ̀ bá ti gbóná, nítorí pé ooru ti mú hóòsì wú mọ́ kílíìpù rẹ̀. Èyí tí ó ń sun ni ó ṣòro jù. Ara ẹ́ńjìnnì ń gbẹ ẹ́ kí ó tó bọ́ sílẹ̀, kìkì ìpẹ́ funfun tàbí pupa ni yóò ṣẹ́kù, bí iyọ̀ tí ó gbẹ mọ́ ẹnu ìkòkò, pẹ̀lú òórùn kan tí ó dùn díẹ̀.

Babaláwo kì í yan ẹbọ kí ó tó dá ifá. Ohun tí a fi ń dá ifá ti ọkọ̀ yìí ni pọ́ǹpù ọwọ́ kékeré tí ó ní gééjì. Nígbà tí ọkọ̀ bá tutù pátápátá, a ó bu kúláǹtì kún táǹkì dé àmì, a ó de pọ́ǹpù náà mọ́ ẹnu rẹ̀, a ó sì ti afẹ́fẹ́ sí i títí yóò fi dé nǹkan bíi bárì kan, láìkọjá iye tí wọ́n kọ sára ìdérí. Lẹ́yìn náà, a ó dúró fún ìṣẹ́jú 15. Bí ọwọ́ gééjì bá ń lọ sílẹ̀, omi ń jáde níbì kan, kò sì sí ooru tí yóò gbẹ ẹ́. Ẹni tí ó mú iná tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré dání yóò rí i.

Nínú Passat yìí, ẹ̀yìn orí ẹ́ńjìnnì, ní ìdojúkọ ògiri tí ó pín in níyà sí ibi ìjókòó, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Ẹnu ike kan wà níbẹ̀ tí hóòsì so mọ́. Ooru ọ̀pọ̀ ọdún ti sọ ike náà di gbígbẹ, a sì máa sán. Lẹ́yìn rẹ̀, kí a wo àwọn páìpù irin tí ó wọ tọ́bò, níbi tí òrùka bàbà pẹlẹbẹ wà lábẹ́ bọ́òtù wọn, kí a sì wo ihò kékeré abẹ́ pọ́ǹpù omi. Bí ọwọ́ gééjì bá ń lọ sílẹ̀ tí ìta sì gbẹ, kí a fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ èrò iwájú, bóyá ẹ̀rọ tí ń mú inú ọkọ̀ móoru ni ó jò.

Ẹ̀yìn èyí nìkan ni ó tọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, orúkọ tí ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ dá. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó bá bàjẹ́ ní ẹ̀rí tirẹ̀: èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́nu sàlẹ́ńsà, tàbí pulọ́ọ̀gì kan tí ó mọ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nítorí pé ooru omi ti fọ̀ ọ́. Oògùn aláwọ̀ búlúù kan sì wà tí a ń gbé sẹ́nu táǹkì. Bí èéfín inú ẹ́ńjìnnì bá ti dé inú omi, yóò di aláwọ̀ òféèfèé. Ọ́ìlì tí a bá rí nínú kúláǹtì kò tó ẹ̀rí. Ẹ̀rọ tí ń mú ọ́ìlì tutù, ní ìdí fílítà, lè jò sínú omi, owó rẹ̀ kò sì súnmọ́ ti ṣíṣí orí ẹ́ńjìnnì rárá.

Àtúnṣe ẹnu ike náà kò gba agbára. A ó gbe omi sínú abọ́, kì í ṣe sí ojú gọ́tà, nítorí pé kúláǹtì dùn lẹ́nu ó sì jẹ́ májèlé fún ewúrẹ́, ajá àti ọmọdé. A ó tú bọ́òtù méjèèjì, a ó nu ojú irin mọ́ tónítóní, a ó fi òrùka rọ́bà tuntun sí i, a ó sì fi ẹ̀sọ̀ dè é padà. Àwọn oògùn tí wọ́n ń tà pé kí a dà sínú omi láti dí ihò lè dí páìpù tín-ín-rín tọ́bò náà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Wọ́n a máa sọ pé kúláǹtì kò wúlò níbi tí yìnyín kì í ti í bọ́. Irọ́ ni. Òun ni kì í jẹ́ kí inú irin dípẹtà, òun náà ni kì í jẹ́ kí omi tètè hó. Kí a má ṣe pò ó ní àpòkúdórógbó: pupa G12 tí a pò mọ́ aláwọ̀ búlúù àtijọ́ G11 lè di ẹrẹ̀. Yíyọ tamọsítáàtì dànù, èyí tí ń ṣí ní nǹkan bíi 87, kò wo jíjò kankan sàn. Ńṣe ni yóò kàn máa bo àìsàn mọ́lẹ̀.

Bí a bá ti bu omi tuntun, kí a fa hóòsì tí ó wà lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn díẹ̀ títí ihò kékeré inú rẹ̀ yóò fi hàn, kí afẹ́fẹ́ lè jáde, kí a tó tì í padà. Kí a tún fi pọ́ǹpù ọwọ́ dán an wò. Kí a wá fi yíǹkì fa ìlà sára táǹkì níbi tí omi dé, kí a máa wò ó ní òwúrọ̀ kí a tó tan ọkọ̀, fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bí omi bá fi ìka kan lọ sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó ṣẹ́kù ni ó jáde. Bí ó bá tún lọ sílẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún, kí a lọ gbé pọ́ǹpù náà padà wá.