Ẹ Ha Á Kí Ẹ Tó Kùn Ún: Ọ̀rọ̀ Lórí Rímù Ọkọ̀ Bàṣé

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ọkọ̀ tuntun. Ọkọ̀ àgbà ni, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí gbogbo wa ní Parakou mọ̀ sí bàṣé. Inú èdè Faransé ni orúkọ yìí ti wá: tapólì tí wọ́n ń ta bo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ara Peugeot 404 ni ọ̀pọ̀ àgbà ti mọ̀ ọ́n; ti 504 tẹ̀ lé e ní ọdún 1979. Àwọn tó ṣe wọ́n ti dáwọ́ dúró tipẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò tí ì tán lójú títì wa. Toyota Hilux àtijọ́ náà sì ti bá wọn pé.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí á wò, pàápàá rímù, ìyẹn irin tí táyà jókòó lé. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní jante.

Ìbéèrè kan ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wa ti ìrọ̀lẹ́, awakọ̀ kan bi mí pé, "Tíṣà, nọ́ńbà tí ẹ ń kọ́ wa yìí, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mo ti mọ owó kà kí n tó dé ibí." Ìbéèrè gidi ni. Mo ní kí gbogbo kíláàsì jáde, kí á lọ wo ọkọ̀ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra rímù mẹ́rin ni, wọ́n ti kùn wọ́n ní ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà, wọ́n ń dán yanran. Mo ní kí ó ka ohun tó wà lára táyà kọ̀ọ̀kan fún wa. Mẹ́ta jẹ́ 185 R 14 C. Ẹ̀kẹrin jẹ́ 185/70 R 14. Ó ní, "Ọ̀kan náà ni wọ́n. 185 ni gbogbo wọn, 14 ni gbogbo wọn."

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ jẹ́ kí á kà á díẹ̀díẹ̀.

185 ni ìbú táyà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kún inú rẹ̀. Mìlímítà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. R ń sọ bí wọ́n ṣe to okùn inú táyà náà. 14 ni ìbú rímù tí yóò gbé e, láti etí kan dé etí kejì, ní ínṣì. Ínṣì kan jẹ́ mìlímítà 25 àti díẹ̀, nítorí náà ínṣì 14 tó nǹkan bíi mìlímítà 356. Lẹ́tà C tó gbẹ̀yìn ń sọ pé ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ṣe táyà náà fún. Kí wá ni 70 tó wà lára ẹ̀kẹrin? Ó ń sọ bí ẹ̀gbẹ́ táyà ṣe ga tó: bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 70. Èyí tí kò ní nọ́ńbà yìí ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyí tí táyà kẹrin fi kúrú ju àwọn yòókù lọ ní ìwọ̀n ìka ọwọ́ méjì. Ọkọ̀ náà ń tiro, olówó rẹ̀ kò sì mọ̀.

Ibi tó burú kò tí ì dé. Lẹ́yìn ìwọ̀n yẹn, táyà tún ní nọ́ńbà mìíràn tó ń sọ ẹrù tí ó lè gbé. Lára àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, 102/100 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nọ́ńbà tó ṣáájú ni ti ọkọ̀ tó bá ní táyà kan ṣoṣo ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bíi bàṣé. 102 dúró fún kílò 850. Lára ẹ̀kẹrin, 88 ni, ìyẹn kílò 560. A pa dà sínú kíláàsì, mo sì kọ ọ́ sí ojú pátákó kí wọ́n yọ ọ́: 850, yọ 560 kúrò, ó ku 290. Ìyá kan tó ń ta sìmẹ́ńtì dáhùn kí n tó béèrè. Ó ní, "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò 6." Bẹ́ẹ̀ ni. Táyà kan wà lábẹ́ ọkọ̀ yìí tí agbára rẹ̀ dín ní nǹkan bí àpò sìmẹ́ńtì 6 sí ti èkejì rẹ̀. Ọkọ̀ yìí kan náà ló ń kó iṣu lọ sí Cotonou, tí ènìyàn sì ń gun orí iṣu náà.

Nọ́ńbà kan kù tí ó yẹ kí ẹ mọ̀, nítorí táyà tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tò jọ bí àgbá. Ẹ wá lẹ́tà DOT lára táyà. Ní ìparí ọ̀wọ́ lẹ́tà náà, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ mẹ́ta péré, táyà yẹn ti wà láti ìgbà tí ọdún 2000 kò tí ì dé. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé kí wọ́n máa yí i kiri àdúgbò.

Ó yá, rímù fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ kọ́kọ́ ka ihò nọ́tì. Hilux tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wakọ̀ ní ihò 6. Ṣùgbọ́n ihò lè pé iye, kí àyè àárín wọn má bára mu. Kí ihò ńlá ti àárín náà bá ọkọ̀ mu pẹ̀lú. Bí ẹni tó ń tà á bá gbé òòlù kí rímù lè wọlé, ẹ gba owó yín pa dà. Wọ́n a máa kọ ìwọ̀n sára rímù, bíi 5J×14: ínṣì 5 ni ìbú ibi tí táyà jókòó sí, 14 tó gbẹ̀yìn sì gbọ́dọ̀ bá 14 ti ara táyà mu. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn rímù fífẹ̀ tó yọ sóde ju ara ọkọ̀ lọ. Ó lẹ́wà lójú wọn. Ṣùgbọ́n bí rímù bá ti yọ sóde bẹ́ẹ̀, ẹrù á máa fa bẹ́rìn, bẹ́rìn á sì tètè jẹ. Iyì ọjọ́ kan, ìnáwó ọdún kan.

Irin ni kí ẹ rà ni, tàbí alumíníọ̀mù? Ní tèmi, fún ọkọ̀ tó ń wọ oko lójú ọ̀nà oníkòtò, irin ni. Irin a máa tẹ̀ kí ó tó fọ́; alumíníọ̀mù a máa sán. Ẹni tó bá sì fi rímù alumíníọ̀mù rọ́pò ti irin, kí ó béèrè nípa nọ́tì, torí ẹnu nọ́tì ti èkíní lè má bá ihò ti èkejì mu.

Ẹ jẹ́ kí á bọ́ sí orí ọ̀dà. Rímù tí wọ́n ti kùn kí ẹ tó rà á, ẹ má gbà á gbọ́. Ọ̀dà kò mọ ohun tó ń bò. Ẹ ha á kúrò dé ojú irin. Ìnira ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti ń ha á ni ẹ ó ti rí i.

Ẹ tú táyà kúrò pátápátá. Kí fọkanáísà yọ kókó inú fáàfù kí gbogbo afẹ́fẹ́ jáde, kí ó tó fi irin tẹ táyà. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ rímù kí ọ̀rá kúrò. Lẹ́yìn náà ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì onírin, kí ẹ sì fi sáńpépà tẹ̀ lé e: èyí tó le, nọ́ńbà 80, ṣáájú; 180 tẹ̀ lé e; 320 gbẹ̀yìn. Bí nọ́ńbà sáńpépà ṣe ń pọ̀ sí i ni yanrìn rẹ̀ ń kúnná sí i. Ẹ fi aṣọ di imú, nítorí ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, òjé sì jẹ́ májèlé. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà sí eruku rẹ̀.

Bí irin bá ti fara hàn, ẹ wò ó yí ká àwọn ihò nọ́tì, ẹ wo etí àwọn ojú fèrèsé rẹ̀, ẹ sì wo ibi tí wọ́n ti jó apá àárín pọ̀ mọ́ òbírí rẹ̀. Àwọn ibẹ̀ ni rímù ti ń sán. Sísán náà lè tín-ín-rín bí irun, kí ojú má rí i. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ń lò láyé àtijọ́. Ó yẹ kí ọgbọ́n ọkọ̀ ojú irin ṣe àwa ará Parakou láǹfààní, torí ọ̀dọ̀ wa ni irin tó ti Cotonou wá, kìlómítà 438, dé ní 1936 tí kò sì kọjá ibẹ̀ mọ́. Ẹ fi kẹrosíìnì pa ojú irin náà. Ẹ dúró díẹ̀ kí ó rin wọlé. Ẹ nu ún gbẹ dáadáa. Ẹ wá lọ ṣọ́ọ̀kì kúnná, irú èyí tí a fi ń kọ̀wé sójú pátákó, kí ẹ fi bu ibẹ̀. Bí irin bá ti sán, kẹrosíìnì tó sá pamọ́ sínú rẹ̀ yóò jáde wá, yóò fa ìlà tútù sínú ẹfun funfun náà. Ẹ̀yin náà á kà á bí ìwé.

Rímù tó bá ti sán, ẹ má kùn ún, ẹ má tà á fún ẹlòmíràn, ẹ má sì gbé e fún wẹ́dà. Níbi tí wẹ́dà bá ti jó o, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni yóò tún ti sán. Bí mo sì ti dárúkọ wẹ́dà, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: ẹ má ṣe jẹ́ kí iná kan rímù kankan nígbà tí táyà ṣì wà lára rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ẹ ti tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ dànù. Ooru yóò mú kí rọ́bà inú rẹ̀ tú èéfín tó lè gbaná jáde, táyà náà yóò sì bú gbàmù bí ọta ìbọn ńlá. Ó ń pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó bá wọ́ díẹ̀ létí, tí kò sán, tó sì jẹ́ irin, a lè fi òòlù tọ́ ọ láìfi iná sí i. Èyí tó bá wọ́ púpọ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Rímù tó yè, ẹ kùn ún. Ọ̀dà tó ń lé ìpáàrà ni kí ẹ fi ṣáájú, kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó fi ọ̀dà aláwọ̀ lé e. Ìpele méjì tàbí mẹ́ta tó fúyẹ́ sàn ju ẹyọ kan tó nípọn lọ. Ẹ má ṣe é nínú ọyẹ́ ní gbangba, eruku yóò fi ọ̀dà yín ṣe ilé. Nígbà òjò, ẹ dúró di ọjọ́ tí oòrùn bá ràn. Etí rímù níbi tí táyà ń fara mọ́, ẹ jẹ́ kí ó dán, torí ìpáàrà ibẹ̀ ló ń mú kí táyà máa rọ̀ ní alaalẹ́ tí a sì ń fi ẹ̀sùn kan fáàfù.

Àmọ́ o, ibi méjì wà tí ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ nípọn sí: ẹnu ihò tí nọ́tì ń tẹ̀, àti ẹ̀yìn rímù níbi tó ti ń fara ti ọkọ̀. Bí ẹ bá fún nọ́tì mọ́ orí ọ̀dà, ọ̀dà yóò fọ́ lójú ọ̀nà, àyè yóò ṣí sílẹ̀ níbi tó wà tẹ́lẹ̀, nọ́tì yóò sì dẹ̀. Mélòó nínú ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó yọ lórí eré ni kò ti ibẹ̀ wá? Ẹ lẹ bébà mọ́ ojú méjèèjì yìí kí ẹ tó kùn ún.

Bí ẹ bá ń dè é pa dà, ẹ má to àwọn nọ́tì tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ de ọ̀kan, kí ẹ bọ́ sí èyí tó dojú kọ ọ́, kí rímù lè jókòó dọ́gba. Ẹ gbé ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí jáàkì kí ẹ tó fún un ní àfúngbẹ̀yìn. Rímù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dè a máa fìdí kalẹ̀ bó bá ti rìn díẹ̀, nọ́tì a sì máa tú díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá gbéra ní Parakou tó ń lọ sí ìhà Cotonou, Tchaourou wà ní nǹkan bí kìlómítà 60. Kí ó dúró níbẹ̀, kí ó mú sípánà, kí ó tún fún gbogbo wọn kí ó tó máa lọ.