ÌDÁNWÒ Ń WỌN IṢẸ́, KÌ Í WỌN ỌMỌ



  

Abúlé Òkúta níbí ni ọ̀rọ̀ tòní ti wá. Lẹ́yìn tàfsíírì, ìyá kan dúró dè mí lẹ́nu géètì mọ́ṣáláṣí. Ó ní, "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò yẹ kí wọ́n fagi lé ìdánwò ní ilé-ìwé ni? Láti ìgbà tí èsì ọmọ mi ti jáde, kò jẹun dáadáa mọ́. Bàbá rẹ̀ kò sì bá a sọ̀rọ̀." Mo ní kí ìyá máa lọ sílé, pé màá dáhùn lórí rédíò, nítorí ó dá mi lójú pé kì í ṣe ilé tirẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Ìdáhùn mi ni pé: Rárá, kí á má fagi lé ìdánwò. Ṣùgbọ́n kí á yé fi í dá ọmọ lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ta ko ara wọn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Kí WAEC tó dé ní 1952, ìdánwò Cambridge ti ìlú Òyìnbó ni àwọn ọmọ ilé-ìwé girama wa ń ṣe. WAEC ni ó gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ fún Nàìjíríà, Gánà, Siẹrà Léónì àti Gáḿbíà. Làìbéríà dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1974. JAMB sì dé ní 1978. Kí ni àǹfààní wọn? Ọmọ alátẹ ní Bàrígà àti ọmọ ọlọ́lá ní Ìkòyí, ìdánwò kan náà ni wọ́n ń bá pàdé. Ẹni tí yóò máàkì ìwé kò mọ orúkọ bàbá ẹnikẹ́ni. Bí kò bá sí èyí, ta ni yóò máa wọ Yunifásítì Èkó tí ó wà ní Àkókà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí? Ọmọ ẹni tí ó mọ ènìyàn ni. Mẹ̀kúnnù ni ìdánwò ń gbè. Ẹ má jẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa wó ilé tí ó ń bò wá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ta gààrí, ẹ mọ iṣẹ́ kóńgò. Kóńgò á sọ bí gààrí ṣe pọ̀ tó. Kò lè sọ bóyá gààrí náà kan tàbí kò kan, kò sì lè sọ bóyá yóò wú nínú omi. Bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò rí. Ó ń wọn ohun tí ọmọ rántí, tí ó sì lè kọ sílẹ̀ láàárín wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, ní ọjọ́ kan. Bí ibà bá mú un lọ́jọ́ náà ńkọ́? Bí kò bá sí iná tí yóò fi kàwé lóru ńkọ́? Òótọ́ inú ọmọ, ìfaradà rẹ̀, ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀, kóńgò yẹn kò wọ̀n wọ́n.

Nǹkan kejì ni pé kóńgò fúnra rẹ̀ lè tẹ̀. Ọdún 2025 fi èyí hàn wá lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù May ọdún náà, JAMB gbé èsì jáde. Nínú àwọn ọmọ tí ó lé ní 1,900,000, àwọn tí ó lé ní 1,500,000 ni kò gba 200 nínú 400. Ìlú pariwo pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò kàwé, pé fóònù ti bà wọ́n jẹ́. Kò pẹ́ tí àṣírí fi tú pé àṣìṣe wọ inú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Èkó àti ní ilẹ̀ Ìgbò. Ọmọ 379,997 ni ọ̀rọ̀ kàn. 206,610 nínú wọn, Èkó wa níbí ni. Ní 14 May, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèédé, olórí àjọ náà, jáde sí gbangba. Ó gbà pé ẹ̀bi àwọn ni, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó tọrọ àforíjì, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ náà wá tún ìdánwò ṣe.

Ní oṣù August, ó kan WAEC. Èsì àkọ́kọ́ sọ pé nínú 100 ọmọ, 38 péré ni ó ní kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Èdè Òyìnbó àti Ìṣirò. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n fi máàkì apá kan Èdè Òyìnbó kò bá ìwé ìbéèrè àwọn ọmọ mu. Wọ́n tún un ṣe, 38 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di 63.

Ẹ gbọ́ mi o. Ọmọ kan náà, ìwé kan náà, ọpọlọ kan náà. Ní ọjọ́ Ajé, olódo ni. Kí ó tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó ti yege. Àwọn àjọ tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n àwa òbí tí a ti bú ọmọ, tí a ti sọ pé owó wa ti ṣòfò, mélòó nínú wa ni ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ?

Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń fọwọ́ ara wọn tẹ kóńgò. Ní 1977, ìbéèrè WAEC jò síta débi pé wọ́n sọ ọ́ ní Expo 77. Ìjọba ológun ṣe òfin ní 1984, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 sí i; òfin 1999 wá dín in kù. Síbẹ̀, mírákù sẹ́ńtà kò kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn òbí kan ni wọ́n sì ń san owó rẹ̀. Súrà kan wà nínú Àlùkùránì, Al-Mutaffifin, tí ó kìlọ̀ fún àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù. Máàkì tí a rà, òṣùwọ̀n tí a dín kù ni. Kí ló ń mú wa rà á? Nítorí pé a ti sọ máàkì di adájọ́. Ẹni tí ẹ̀rù adájọ́ bá ń bà, ó lè wá rìbá.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí náà ti jẹ̀bi rí. Ọmọkùnrin mi mú káàdì wálé ní ìparí táàmù. Ipò 31 nínú ọmọ 42. N kò wo nǹkan mìíràn. Mo ní, "Olódo! Ọmọ 30 ni ó jókòó lé ọ lórí!" Ó wọ yàrá lọ, kò jáde títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bàbá àgbà kan tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní àdúgbò wa yà kí mi. Mo rojọ́ ọmọ fún un. Ó gbọ́ tán, ó ní, "Kí ni ọmọ náà kò mọ̀?"

Mo ní, "Bàbá, ipò 31 ni ó gbà."

Ó ní, "Mo gbọ́. Kí ni kò mọ̀?"

Ẹ̀yin ará, n kò rí nǹkan kan sọ. Mo mọ ipò ọmọ mi, n kò mọ ohun tí ọmọ mi kò mọ̀. Ìgbà tí mo pè é, tí a ṣí ìwé Ìṣirò rẹ̀, ni mo tó rí i pé ìdajì, ìdá mẹ́ta, ìdá mẹ́rin ni kò yé e láti Píráámárì Fọ́ọ̀. Gbogbo èyí tí wọ́n kọ́ lé e lórí ló sì ń wó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi tún un ṣe. Ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tún ṣe ni mo fẹ́ tìtorí rẹ̀ ba ọmọ jẹ́.

Ẹ wo bí bàbá náà ṣe ń ṣe ní ilé-kéwú. Ọmọ á gbé wàláà rẹ̀ wá, á kà á sí i létí. Bí ó bá ṣì í, àáfà á dá a dúró níbẹ̀, á ní kí ó padà. Kò ní sọ pé, "O gba márùn-ún nínú mẹ́wàá, máa lọ sí èyí tí ó kàn." Ọmọ kan lè yára, òmíràn lè pẹ́, lọ́jọ́ wòlímọ̀, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ta ni ó ṣe ipò kìíní. Mo mọ̀ pé pàṣán wà nílé-kéwú, n kò sọ pé kò lábùkù. Àwọn ọ̀gá atẹ̀wé ní Ṣómólú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí iṣẹ́ ọmọ-iṣẹ́ bá wọ́, ọ̀gá á fi ìka tọ́ ibẹ̀, "Ibí yìí ni o ti ṣì í." Ìdánwò ni gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ibi tí a ó ti ran ọmọ lọ́wọ́ ni wọ́n ń wá.

Ètò 6-3-3-4 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982 fẹ́ irú èyí: pé kí iṣẹ́ inú kíláàsì wà nínú máàkì, kí ó má jẹ́ ti ọjọ́ kan nìkan. Ètò dára. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá pọ̀ jù fún tíṣà kan, ìgbà wo ni yóò mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń kọsẹ̀? Kí á gba tíṣà tí ó tó, kí àwa òbí sì ṣe tiwa.

Bí káàdì ọmọ bá dé, ẹ̀yin òbí, ẹ má kọ́kọ́ wo ipò. Ẹ bi í pé, "Kí ni kò yé ọ?" Ẹ lọ bi tíṣà bákan náà. Ẹ má fi ọmọ wé ọmọ ará ilé kejì. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ kọ ibi tí ọmọ ti ṣì í sí ìwé rẹ̀, kí ó má jẹ́ nọ́ńbà nìkan. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kàwé, ẹ má ra ẹ́sípò. Bí èsì kò bá dára, ẹ gbé e tọ àwa òbí yín wá, ẹ má fi ebi pa ara yín.

Ìyá tí ó bi mí ní ìbéèrè, bí ẹ bá ń gbọ́ mi: ẹ fi ìdáhùn yìí jíṣẹ́ fún bàbá ọmọ. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣínu lálẹ́ yìí, kí wọ́n pe ọmọ náà jókòó, kí wọ́n fi dàbínù àkọ́kọ́ lé e lọ́wọ́. Kí wọ́n jẹun tán, kí wọ́n tó bi í pé, kí ni kò yé e.

Kí Ọlọ́hun fi òye sí àyà àwọn ọmọ wa, kí Ó fi sùúrù sí àyà àwa òbí wọn. Àmín.