Irúgbìn Tí Ó Ń De Òjò



Ó lè ya yín lẹ́nu pé onímọ̀ lítíréṣọ̀, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó pàápàá, ni yóò sọ̀rọ̀ oko. Ẹ rántí pé orí oko ata Àrómirẹ́ ni a kọ́ Ìgá Ìdúngánrán sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó gbé mi dé ìdí ọ̀ràn yìí. Nínú ìwé àfọwọ́kọ kan tí wọ́n ní kí n yẹ̀ wò, òǹkọ̀wé pe irúgbìn tí kò tíì hù nínú ilẹ̀ gbígbẹ ní ‘òkú irúgbìn’. Mo fa igi lé e. Òkú ni a ń sin. Irúgbìn ni a ń gbìn. Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe ọ̀kan náà, nítorí pé èyí tí a gbìn ni a ń retí.

Ní àwọn ilẹ̀ òtútù bí àríwá Amẹ́ríkà, àwọn kan máa ń fọ́n irúgbìn koríko sí iwájú ilé nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin. Wọn a dúró títí ilẹ̀ yóò fi tutù dé ìwọ̀n 5 tàbí kí ó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí wọ́n bá yára fọ́n ọn, yóò hù, òtútù yóò sì pa á. Bí ilẹ̀ bá ń dì tí ó sì tún ń yọ́, a máa là, irúgbìn a sì wọ inú rẹ̀ lọ de ìgbà ooru.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ òtútù. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ òkè a máa ri èèbù sínú ebè láti nǹkan bí oṣù kọkànlá, wọn a fi ewé gbígbẹ bo orí rẹ̀ kí oòrùn má baà sè é, yóò sì wà níbẹ̀ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé, ní nǹkan bí oṣù kẹta. Ohun tí ó gbà mí lọ́kàn ni pé oorun méjì ni iṣu ń sùn. Ọ̀kan ti inú ara rẹ̀ wá: bí a bá wa iṣu lónìí, tí a gbìn ín lọ́la sí ilẹ̀ tútù, oṣù mélòó kan yóò kọjá kí ó tó hù. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó fún un ní ìkejì. Àgbàdo kò ní irú oorun àkọ́kọ́ yẹn. Òjò kan ṣoṣo tó láti tàn án jẹ. Yóò hù, òjò yóò dá, yóò sì gbẹ. Mo gbìn ín bẹ́ẹ̀ rí lẹ́yìn ilé mi, àgbàdo tí mo rà ní Sandgrouse. Nígbà tí mo padà lọ, ìyá tí ó tà á fún mi rẹ́rìn-ín: “Àbí iṣu ni mo tà fún yín, Pròfẹ́sọ̀?”

Èmi kò fara mọ́ ‘irúgbìn aláìṣiṣẹ́’ tí ẹlẹgbẹ́ mi kan dá lábàá. Irúgbìn tí ó ń sùn ń mí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ń ná oúnjẹ inú rẹ̀, bí ìdúró bá sì pẹ́ jù, yóò kú ní tòótọ́. Mo dábàá ‘oorun irúgbìn’ fún ipò tí ó wà, àti ‘ìgbìndòjò’ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó gbìn ín de òjò. Bí àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn bá rí èyí tí ó sàn jù, kí wọ́n mú un wá. Mo ti kọ tèmi sí etí ìwé àfọwọ́kọ náà, mo sì ti dá a padà fún ẹni tí ó kọ ọ́.