Ohun Tó Ń Pa Ẹ́ńjìnnì

Ìwé ìròyìn ni iṣẹ́ mi, èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ wa kàn mí.

Búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì kejì ti sán. Ẹgbẹ́ fẹ́ dáwó ra ẹ̀kẹta, tòkunbọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó pa méjì ìṣáájú.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan tó ń fi ọkọ̀ sáré drag race máa ń da nǹkan bíi sìmẹ́ńtì sínú ihò omi búlọ́ọ̀kù, kí ògiri sílíńdà má baà mì bí agbára bá pọ̀ jù. Ó bá wọn mu, torí eré wọn kò ju bíi mítà 400 lọ. Tiwa ńkọ́? Láti Ìkọ̀lé dé Èkó, ọ̀pọ̀ wákàtí ni. Omi lẹ̀mí ẹ́ńjìnnì tiwa.

Ẹ rántí Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Ọdún yẹn gan-an ló gba ipò kìíní ní Safari Rally ní Kenya. Irin ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, alumíníọ́mù ni orí rẹ̀, bíi ti bọ́ọ̀sì wa. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná jù, alumíníọ́mù a máa fẹ̀ ní bí ìlọ́po méjì irin. Orí a wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì a jó, omi a bọ́ sínú ọ́ìlì. Bí dẹ́rẹ́bà bá wá sáré da omi tútù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ìfàkì sí Ọ̀yẹ́, búlọ́ọ̀kù lè sán pátápátá.

Nítorí náà, kí a tó náwó: ẹ jẹ́ ká fọ rejétọ̀, ká wo fáànù àti pọ́ǹpù omi, ká dá tẹmositáàtì tí mẹkáníìkì yọ sọnù padà, ká má sì fi omi odò sí i mọ́. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Ìkọ̀lé níbí. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn ọmọ ló ń wọ bọ́ọ̀sì yìí. Bó bá kú lálẹ́ lójú ọ̀nà Ọ̀mùò, ọ̀rọ̀ ti kọjá owó. Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.