Adìẹ Ń Làágùn: Ìtọ́jú Adìẹ Agboolé Láàárọ̀ àti Nírọ̀lẹ́

  Ọ̀rọ̀ tí a bá wá lónìí kì í ṣe ti ẹni tí ó ní ẹgbẹ̀rún adìẹ òyìnbó. Ti ẹni tí ó ní mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún adìẹ ìbílẹ̀ tí ń jẹ̀ káàkiri agboolé ni. Adìẹ wọ̀nyí ni a ń tà nígbà tí owó ilé-ìwé ọmọ bá dé lójijì. Àwọn náà ni a ń pa nígbà tí àlejò pàtàkì bá wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ara mi. Ní ọdún kan, nígbà tí ọyẹ́ ń mú, mo ra àkùkọ kan ní ọjà. Ó tóbi, ìyẹ́ rẹ̀ sì ń dán. Bí mo ti mú un délé ni mo tú u sáàárín adìẹ mẹ́tàdínlógún tí mo ní. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di ojú. Mo ní òtútù ni. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, àgbébọ̀ méjì péré ni ó kù fún mi. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé adìẹ ìyá àgbà tí ilé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa kú tán pẹ̀lú. Ìyá kò ra adìẹ kankan ní ọjà. Adìẹ tèmi ni ó kó àrùn ran tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni adìẹ wọ̀nyẹn sì ni báńkì wọn.

Lúkúlúkú ni àrùn náà. Kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fà á, ìgbà ọyẹ́ ni ó sì máa ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Adìẹ tí ó bá mú yóò wú ìyẹ́, kò ní fẹ́ jẹun, ìgbẹ́ rẹ̀ yóò ṣomi, yóò sì láwọ̀ ewé. Òmíràn á máa la ẹnu mí, òmíràn ọrùn rẹ̀ á lọ́, òmíràn ẹsẹ̀ tàbí ìyẹ́ apá rẹ̀ á rọ. Òmíràn kò tilẹ̀ ní fi àmì kankan hàn kí ó tó kú. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Òótọ́ ni. Nígbà tí ẹ bá máa fi rí i pé adìẹ kan ṣàìsàn, ó ti lè kó o ran ẹlòmíràn.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa: lúkúlúkú kò ní oògùn tí ń wò ó sàn. Kápúsù tí à ń tú sínú omi adìẹ kò lè pa kòkòrò rẹ̀. Ata kò lè ṣe é, epo òyìnbó kò sì lè ṣe é. Ohun méjì ni ó wà lọ́wọ́ wa: ojú tí a fi ń ṣọ́ adìẹ lójoojúmọ́, àti oògùn àjẹsára tí a bá lò kí àrùn tó dé.

Ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ òòjọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀, kí ẹ tó ṣí ilé adìẹ, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tẹ́tí. Bí ẹ bá gbọ́ tí adìẹ ń sín tàbí tí ó ń mí hẹlẹ, ẹ fura. Ẹ kà wọ́n bí wọ́n ti ń jáde. Èyí tí ó bá jáde kẹ́yìn, tí ó ń wọ́ ìyẹ́ apá nílẹ̀, ẹ mú un, kí ẹ fi í sí ibi tí ó jìnnà sí àwọn yòókù. Ẹ wo ìgbẹ́ wọn pẹ̀lú. Ìgbẹ́ adìẹ tí ara rẹ̀ le máa ń ki, funfun díẹ̀ a sì wà lórí rẹ̀. Bí ó bá ṣomi tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, nǹkan ti ṣe.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fọ igbá omi wọn, kí ẹ bu omi tuntun sí i. Ẹ má kàn máa bu omi lé ti àná. Ẹ fún wọn ní ìwọ̀nba àgbàdo tàbí ọkà bàbà, wọn yóò wá ìyókù fúnra wọn. Ikán dára púpọ̀ fún òròmọdìẹ. Bí ẹ bá fẹ́ lo èèpo ẹ̀gẹ́, ẹ sá a kí ó gbẹ dáadáa, nítorí májèlé wà nínú tútù rẹ̀. Àgbàdo tí ó bá ti bu, ẹ má fún adìẹ jẹ. Májèlé ni òun náà.

Lọ́sàn-án, ẹ kó ẹyin. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ sí i lára. Ẹyin tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ ni ó dára jù láti fi sábẹ́ adìẹ tí ó fẹ́ sàba. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, ẹ máa retí òròmọdìẹ. Ẹ fi àgò bo ìyá àtọmọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí àṣá má baà jẹ èrè yín.

Nírọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ fọ́n oúnjẹ díẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, wọn yóò wọlé fúnra wọn. Ẹ tún kà wọ́n kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn. Kí ilé náà ga kúrò nílẹ̀ tó orúnkún, kí afẹ́fẹ́ máa gba inú ọparun rẹ̀ kọjá, kí òjò má sì jò ó. Ẹ da eérú síbi tí wọ́n ti ń wẹ erùpẹ̀, nítorí iná ara. Ìgbẹ́ tí ẹ bá gbá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ajílẹ̀ gidi ni fún ẹ̀fọ́. Gbogbo iṣẹ́ yìí kò tó wákàtí kan lójúmọ́.

Bí ẹ bá ra adìẹ tuntun, ẹ má ṣe ohun tí mo ṣe. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Adìẹ yín tí ẹ gbé lọ sọ́jà tí kò tà, àlejò ni òun náà nígbà tí ó bá padà dé.

Ó wá ku ti àjẹsára. Ọ̀kan wà tí a ń pè ní Lasota, inú omi mímu ni a ń po ó sí. Inú yìnyín ni a ń gbé e láti ilé oògùn. Ẹ má fi omi ẹ̀rọ tí ìjọba fi oògùn sí pò ó. Ẹ fi òùngbẹ gbẹ adìẹ fún wákàtí kan sí méjì kí ẹ tó gbé e fún wọn, kí wọ́n sì mu ún tán láàárín wákàtí méjì. Èkejì ni I-2, tí a ń kán sójú adìẹ, ẹ̀kán kan péré. Ó fara da ooru ju Lasota lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe oòrùn gbangba. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni a ń tún un ṣe. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe ìwádìí àrùn ẹran ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, tí ó ti wà láti ọdún 1924, wà lára àwọn tí ń ṣe oògùn àjẹsára adìẹ fún orílẹ̀-èdè wa. Adìẹ tí ara rẹ̀ le nìkan ni ẹ fún, kí ó sì jẹ́ kí ọyẹ́ tó dé. Oṣù kẹwàá dára. Ẹ bi dókítà ẹran tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín léèrè.

Ìṣòro tí ẹ óò rí ni pé ìgò kékeré kan lè tó fún igba adìẹ, bí a bá sì ti ṣí i, kò ṣeé tọ́jú di ọ̀la. Ẹni tí ó ní mẹ́wàá yóò ní kí ni òun fẹ́ fi ìyókù ṣe. Ibí ni ẹgbẹ́ ti wúlò. Ilé ogún, adìẹ mẹ́wàá mẹ́wàá, igba nìyẹn. Ẹ dá owó jọ, kí ẹ mú ọjọ́ kan, kí ẹ lọ láti ilé dé ilé ní ìdájí kí adìẹ tó jáde. Ẹ má fo ilé kankan, ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ pàápàá. Adìẹ kò mọ ààlà. Ilé tí ẹ bá fò ni àrùn yóò gbà padà wá bá yín.

Bí àrùn bá wá dé ná ńkọ́? Ẹ má tà, ẹ má sì fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Mo mọ̀ pé ó nira láti máa wo owó kí ó máa kú lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí a sáré gbé lọ sọ́jà ni ó ń sọ àrùn ilé kan di ti ìlú. Bóyá ẹni tí ó ta àkùkọ yẹn fún mi náà sáré ni. Ẹ sin òkú wọn jinlẹ̀ tàbí kí ẹ sun ún, ẹ má jù ú sódò. Bí púpọ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sọ fún dókítà ẹran kíá, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé jìnnà síbẹ̀. Ẹ rántí bọ́ọ̀dù fúlù tí ó wọ orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 2006. Ojú lásán kò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára lúkúlúkú, bẹ́ẹ̀ ni ó lè ran ènìyàn.

Láti ọdún náà, bí a bá ti ń dá owó àjẹsára, ilé ìyá àgbà ni mo kọ́kọ́ máa ń yà. Èmi ni mo ń di adìẹ wọn mú, ìyá á sì máa kà wọ́n fún wa. Ìwọ náà wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ, wo ti òsì. Ta ni adìẹ rẹ̀ ń jẹ̀ pẹ̀lú tìrẹ? Bá a sọ̀rọ̀ kí ọyẹ́ tó dé.

Ire oko, ire ọ̀sìn. Ó dìgbà kan ná o.