Ọ̀dọ́ Míṣọ́nárì Mormon Ní Ilẹ̀ Àjèjì



Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń rìn ní ìgboro Èkó tàbí ti Ìbàdàn ní ọjọ́ òní lè pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí wọ́n so táì mọ́ ọrùn, tí wọ́n sì fi pátákó dúdú kékeré tí a kọ orúkọ sí mọ́ àyà. Àwọn ènìyàn a máa béèrè pé, ta ni ó rán wọn, kí ni wọ́n sì ń jẹ? Ọ̀rọ̀ ìsìn wọn kọ́ ni a wá sọ. Ìwé Mọ́mọ́nì tí wọ́n fi kún Bíbélì, àwa kò bá wọn gbà á, a kò sì ní í jiyàn lórí rẹ̀ níhìn-ín. Ohun tí ó kàn wá, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń kọ́ àwọn olùkọ́, ni bí a ti í mú ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tí ì hù tán, tí a sì rán an lọ sáàárín àwọn tí kò mọ̀, pé kí ó máa gbé ilẹ̀ wọn, kí ó sì máa sọ èdè wọn.

Joseph Smith ni ó dá ìjọ náà sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1830. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹhìn. Salt Lake City ní Utah, ní Amẹ́ríkà, ni ibùjókòó rẹ̀ wà. Láti 2012 ni ọmọkùnrin ti lè lọ bí ó bá ti pé ọmọ ọdún 18. Ṣáájú èyí, 19 ni. Ọdún méjì ni tirẹ̀, oṣù 18 ni ti ọmọbìnrin. Ní òpin 2024 iye wọn lé ní 70,000 káàkiri ayé. Ẹni tí ó fẹ́ lọ a kọ orúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni yóò yan ibi tí yóò lọ. Ìwé ni yóò gbà. Ó lè bá Japan níbẹ̀, ó lè bá Brazil. A kì í san owó oṣù fún un. Òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ni wọ́n ń san. Fún ọmọ Amẹ́ríkà, dọ́là 400 ni lóṣù tẹ́lẹ̀, ó di 500 láti oṣù keje ọdún 2020; iye kan náà sì ni, ìbáà jẹ́ ìlú tí oúnjẹ ti wọ́n ni a rán an lọ tàbí ibi tí ó ti pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tọ̀ ọ́ lọ sí iyàrá rẹ̀. Agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni ó gbọdọ̀ dìde. Yóò gbàdúrà, yóò na ara fún ààbọ̀ wákàtí, yóò wẹ̀, yóò jẹun. Ní agogo mẹ́jọ yóò jókòó ti ìwé ní òun nìkan. Lẹ́yìn náà òun àti ẹnìkejì rẹ̀ yóò jọ kà. Bí ó bá sì jẹ́ ilẹ̀ tí ó ní èdè mìíràn, àkókò tún wà fún kíkọ́ èdè. Nígbà tí oòrùn bá gòkè wọ́n ti wà ní ìgboro, lórí ẹsẹ̀ tàbí lórí kẹ̀kẹ́, títí di agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Ní agogo mẹ́wàá ààbọ̀ a pa iná. Ìlànà àtọjọ́mọ́jọ́ ni èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2017 a ti fún àwọn olórí ní àyè láti yí i padà díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti rí. Kò sí sinimá, kò sí pé à ń fẹ́ ọmọbìnrin. Ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ ni ó fi ń fọ aṣọ, tí ó fi ń gẹ irun, tí ó fi ń lọ sí ọjà, tí ó sì fi ń kọ̀wé sílé. Èyí tí ó kù, ilẹ̀kùn ni. A kàn án, a kò ṣí i. A tún kan òmíràn, a ṣí i, a sì tún tì í. Ẹni tí ó bá ti kiri ọjà rí mọ bí ó ti í rí.

“Alàgbà” ni oyè tí a fi ń pe ọmọ ọdún 18 yìí! Láàárín wa, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ṣì ń rán lọ gbé àga wá fún àgbà. Alàgbà yìí kò sì gbọdọ̀ dá rìn: ẹnìkejì rẹ̀ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í ṣe òun ni ó yàn án, kò sì lè lé e lọ. Bí onítọ̀hún bá ń hanrun, kí ó fara dà á títí a ó fi pín wọn ní ọ̀nà mìíràn.

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí irú ayé bẹ́ẹ̀ ń sọ ọmọ dà, kò sí ìtàn tí ó wù wá tó ti Joseph F. Smith, ọmọ ẹ̀gbọ́n olùdásílẹ̀ ìjọ náà. A pa bàbá rẹ̀ ní 1844 nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ìyá rẹ̀ kú ní 1852. Ọmọ oníbìínú ni. Nígbà tí olùkọ́ kan fẹ́ na àbúrò rẹ̀ obìnrin ní ilé-ìwé, Joseph dìde, ó sì lu olùkọ́ náà. Ibẹ̀ ni ilé-ìwé rẹ̀ parí sí. (Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà níhìn-ín, ẹ má fòyà.) Ní oṣù kẹrin ọdún 1854, ní ọmọ ọdún 15, a pe orúkọ rẹ̀ ní ìpàdé ńlá ìjọ pé kí ó lọ sí Hawaii, tí ó ní ọba tirẹ̀ nígbà náà, tí kò tí ì di ti Amẹ́ríkà. Ó ṣe iṣẹ́ alágbàṣe ní California kí ó tó rí owó ọkọ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ó gúnlẹ̀ sí Honolulu.

A rán an lọ sí erékùṣù Maui. Kò pẹ́ tí àìsàn líle fi dá a dùbúlẹ̀. Obìnrin ilẹ̀ náà kan, tí à ń pè ní Manuhii, gbà á sí ilé, ó sì tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ inú ara rẹ̀ títí ó fi dìde. Ohun tí wọ́n ń jẹ ni òun náà ń jẹ: poi, èyí tí wọ́n ń fi kókò sè, tí wọ́n sì ń gún. Ẹni tí ó mọ iyán mọ ohun tí à ń wí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé poi rọ̀ jù ú lọ. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ èdè kankan fún un. Ẹnu àwọn onílé ni ìwé rẹ̀. A sọ pé kò ju 100 ọjọ́ lọ tí ó fi ń wàásù ní èdè Hawaii. Lẹ́yìn èyí iná jó àpótí aṣọ rẹ̀, ìtàn ayé rẹ̀ sì wí pé ó di aṣọ kan ṣoṣo fún òun àti ẹnìkejì rẹ̀: bí ọ̀kan bá wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìn, èkejì a wà lórí ibùsùn. Ní 1857 ni ó kúrò níbẹ̀.

Ní 1901 ó di olórí gbogbo ìjọ náà. Nígbà tí ó padà bẹ Hawaii wò, a fa arúgbó obìnrin kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ lọ́wọ́ wá, ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, ó ń ké “Iosepa”, bí wọ́n ti ń pe Joseph ní èdè wọn. Manuhii ni. Olórí ìjọ gbá a mọ́ra, ó sì ń pè é ní ìyá. Ní èrò tiwa, obìnrin yìí ni ó sọ ọmọ náà di míṣọ́nárì, ju ìpàdé ńlá tí a ti pe orúkọ rẹ̀ lọ.

Lónìí a kì í fi ọmọ lé oore àwọn onílé lọ́wọ́ báyìí. Ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kan wà ní Provo, ní Utah, níbi tí a ti ń kọ́ wọn ní èdè tí ó lé ní 50. Èdè líle bí ti Japan a máa gbà tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti ṣe iṣẹ́ náà rí, tí wọ́n ti padà dé, ni ó pọ̀ jù nínú àwọn olùkọ́ ibẹ̀, a kì í sì dúró kí gírámà yé ọmọ tán kí a tó ní kí ó la ẹnu: láìpẹ́ ọjọ́ ni ó ti ń gbìyànjú àdúrà ní èdè náà, bí ó bá ṣì í, kí ó ṣì í. Èyí dùn mọ́ wa nínú, ó sì bà wá nínú jẹ́ pẹ̀lú. Ọmọ Utah ń jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù láti kọ́ èdè ẹlòmíràn. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tiwa, a ń bá ọmọ wí nítorí pé ó sọ Yorùbá.

A kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́ fún ẹ̀yin Ìjòyè. Láti 1852 ni ìjọ yìí ti kéde pé a kò ní í fi ọkùnrin tí ó jẹ́ ìran ènìyàn dúdú jẹ oyè àlùfáà. Nítorí náà ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú kò lè jẹ́ Alàgbà. Ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 1978 ni a tó mú òfin náà kúrò. Kí ọdún náà tó parí, tọkọtaya méjì láti Amẹ́ríkà ti dé Nigeria, ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún ènìyàn 19 ní ilẹ̀ Ìgbò, Anthony Obinna sì ni ẹni àkọ́kọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn kan ní orílẹ̀-èdè yìí ti ń pe ara wọn ní orúkọ ìjọ náà, tí wọ́n ń kọ̀wé sí Salt Lake City, láìrí míṣọ́nárì kankan. Àwọn tí ń kan ilẹ̀kùn kiri ayé, àwọn náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ń kàn án. Lónìí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ń fi pátákó dúdú náà sí àyà, ṣùgbọ́n èyí kò pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́.

Níti ọkàn ọmọ náà: kí ó tó di oṣù kejì ọdún 2019, ìgbà méjì péré ní ọdún ni ó lè gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lórí tẹlifóònù, ọjọ́ Kérésìmesì àti ọjọ́ àwọn Ìyá, láti ìgbà náà ó lè pè ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó dára tí wọ́n yí i padà. Àwọn kan a máa padà sílé kí ọjọ́ wọn tó pé, nítorí àìsàn ara tàbí ti ọkàn, àwọn ará àdúgbò a sì máa sọ̀rọ̀ wọ́ńwọ́ńwọ́ lẹ́yìn wọn. Àwa tí a ti tọ́ àwọn ọmọ irú ọjọ́ orí yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún rò pé ètò tí ó bá le tó báyìí gbọdọ̀ ní ọ̀nà tí ọmọ lè gbà jáde láìsí pé ojú tì í.

Ẹni tí ó bá pé ọdún méjì yóò padà sí ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò parí ní pápákọ̀ òfurufú. Yóò kọ́kọ́ tọ olórí ìjọ àdúgbò rẹ̀ lọ, ẹni tí yóò sọ fún un pé a ti tú u sílẹ̀. Nígbà náà ni ó tó yọ pátákó dúdú náà kúrò ní àyà. Láti ọjọ́ kejì, orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ ni a tún ń pè é, ó sì lè dá jáde síta ní òun nìkan. A gbọ́ pé fún ìgbà díẹ̀ wọn a máa bojú wẹ̀yìn bí ẹnìkejì bá ń bọ̀.